Ọ̀rá Tí Ìyá Àgbà Ń Béèrè

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ọ̀rá ẹran tó mi ní gbogbo Ọ̀wọ̀. Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo lọ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì kọ́ ọ dáadáa, títí wọ́n fi ní kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ sílé. Wọn ò lé mi o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ìdánwò ló lé mi. Àwọn olùkọ́ kàn bá a ṣílẹ̀kùn ni.

Ohun kan ṣoṣo tó kù lórí mi nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ni àwòrán kan tí lẹ́kítọ̀ wa yà sójú pátákó lọ́jọ́ kan. Ó ní ọ̀rá tí àwọn ará orílẹ̀-èdè yìí ń rí jẹ lára ẹran ló wà níbẹ̀, láti ayé àwọn bàbá wa títí di ìsinsìnyí. Ìlà kan wà fún màlúù, ọ̀kan fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ọ̀kan fún ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan fún adìyẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà tó tín-ín-rín bí òwú, tó ń rọra wọlẹ̀ lọ. Ó kọ "ẹran mìíràn" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Sà, kí ló ń jẹ́ ẹran mìíràn?" ẹnì kan béèrè.

"Òyà, òkété, ìgalà, ìgbín, ọ̀bọ. Àwọn ẹran tí aráyé ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ."

Mo nawọ́ sókè. "Sà, àwa ń jẹ ẹ́ nílé wa."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé ọgbọ́n mi ló wù wọ́n. Lẹ́kítọ̀ wá ní ta ló lè sọ ìdí tí ìlà yẹn fi ń wọlẹ̀. Ó ní ká lọ kà nípa ẹ̀. Ẹ ti mọ̀ pé mi ò kà á. Orí ọ̀kadà ni mo ti padà wá kọ́ ọ, nígbà tí Ìyá àgbà mi ò jẹun mọ́.

Ìyá tó bí màmá mi ni Ìyá àgbà. Ute ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ìyàwó ọdẹ ni wọ́n. Lẹ́yìn tí Bàbá àgbà kú, tí ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn mọ́, màmá mi mú wọn wá sí Ọ̀wọ̀, sínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni màmá mi. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Torí náà, ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú Ìyá àgbà lọ́sàn-án ni ẹni tí kò níbi tó ń lọ, ipò yẹn sì wọ̀ mí bí ẹ̀wù tí wọ́n fi ìwọ̀n mi rán. Ní ìrọ̀lẹ́, tí màmá mi bá dé, mo máa ń gun ọ̀kadà jáde. Àwọn tá a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé mi dé ọjà." Mo máa ń gbé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ọjà ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ute ni mo ti ń lo ìsinmi ilé ìwé. Bàbá àgbà á ti ìgbẹ́ dé pẹ̀lú òyà léjìká. Wọ́n á jó irun ara ẹ̀ lórí iná, awọ ẹ̀ á máa le, ọ̀rá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó. Ìyá àgbà ò ní jẹ́ kó kán sínú iná. Wọ́n máa ń gbé àpáàdì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á gba ọ̀rá náà, wọ́n á dà á sínú ìkòkò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ààrò. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n fi ń yí ata. Òun ni wọ́n fi ń pa gìgísẹ̀ wa nígbà ọyẹ́. Tí ọmọdé bá ń wúkọ́, òun náà ni wọ́n fi ń ra àyà ẹ̀. Tí wọ́n bá la ẹ̀yìn òyà ìgbà yẹn, ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ẹ̀ á nípọn bí àtàǹpàkò, á funfun bí ẹ̀kọ. Ìyá àgbà á gé díẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á jù ú sí mi lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́, kí orí ẹ lè pé."

Mo jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ wo ibi tí orí náà pé dé.

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀wọ̀, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì dín ọ̀rá kù. Màmá mi kì í fi òfin ṣeré. Wọn ò dín nǹkan kan kù, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹja bíbọ̀, ẹ̀fọ́ bíbọ̀, iṣu bíbọ̀. Oúnjẹ tó mọ́ tónítóní bí ẹni pé ọṣẹ ni wọ́n fi sè é. Ìyá àgbà jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ìdajì ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tó tún yá, wọ́n á kàn wo abọ́, wọ́n á yíjú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ń dín kù. Ìyá tó máa ń bá mi jà láàárọ̀ pé mo sùn bí òkú, tí wọ́n máa ń bi mí pé ìwé wo ni mò ń kà lójú oorun, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ kan ló kù tí wọ́n máa ń sọ tá a bá gbé oúnjẹ dé iwájú wọn.

"Ọ̀rá."

A ò jáfara. Nílé wa, bíi ti gbogbo ilé tó wà nígboro, ọ̀rá ni ohun tí wọ́n ń di gààrí sí fún ẹ lọ́jà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ káàkiri títì, tó ń dí gọ́tà. A ní Ìyá àgbà fẹ́ bì. Màmá mi fi ọ̀rá kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, èmi náà fi òmíràn sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá ti ní "Ọ̀rá" báyìí, mo ti la ẹnu ẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n wọn, mo ń rọra lù wọ́n lẹ́yìn.

"Ẹ bì í síbẹ̀, Ìyá. Ẹ má gbé e mì."

Wọ́n á wo inú ọ̀rá náà, wọ́n á wá wò mí. Wọn ò bì rí. Èrò mi ni pé ojú ló ń tì wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Màmá mi sọ fún dókítà pé gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá dé ni èébì máa ń gbé ìyá àwọn. Dókítà fún wọn ní oògùn èébì. Oògùn náà ń mú Ìyá àgbà sùn, wọ́n á sùn kọjá oúnjẹ ọ̀sán. Ara wọn wá fúyẹ́ débi pé tí mo bá gbé wọn dìde kí n lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń rántí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Màmá mi náà mọ̀. A kì í sọ ọ́.

Ọjọ́ kan ni orogún Ìyá àgbà wá kí wọn. Ìyàwó kejì Bàbá àgbà ni, Ute ni wọ́n ṣì ń gbé, Ìyá Ute la sì ń pè wọ́n. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún àwọn náà ti ń ké, wọ́n kí ìyáálé wọn, wọ́n wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé iṣu gígún rírọ̀ àti ẹja bíbọ̀ wọlé.

"Ọ̀rá," Ìyá àgbà ní.

Mo ti fò sídìí ìlẹ̀kùn. Kí n tó já ọ̀rá tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ute lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́.

"Èwo nínú ẹ̀, ìyáálé mi? T'òyà ni àbí t'òkété?"

Ìyá àgbà lajú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí wọ́n lajú báyẹn.

"T'òyà," wọ́n ní. "Ti abẹ́ awọ. Ti ẹ̀yìn."

Ìyá Ute wá rí mi níbi tí mo dúró sí, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì la ẹnu ọ̀rá bí ẹni tó ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo rò pé... ṣebí wọ́n fẹ́ bì ni."

"Ta ló fẹ́ bì?"

"Ìyá ni."

"Ìyáálé mi, ṣé ẹ fẹ́ bì?"

Omi kan jáde lójú Ìyá àgbà, ó gba ẹ̀bátí, ó wọ inú etí. Ìyá Ute fi etí aṣọ wọn nù ún. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn ká ní wọ́n bú mi. Mo ká ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, mo ká a títí kò fi ṣeé ká mọ́, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá fi hàn pé òun lọ sílé ìwé.

Nígbà tí màmá mi dé, mo sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti báàgì lápá.

"Èmi ni mo sọ fún dókítà pé wọ́n fẹ́ máa bì," wọ́n ní. "Èmi ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń fún wọn lóògùn yẹn. Mo tiẹ̀ máa ń ní kí wọ́n lanu, kí n wò ó bóyá wọ́n gbé e mì."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ò wá. Fún ẹni tí ò ní nǹkan mìíràn láyé ju ẹ̀fẹ̀ lọ, ìyà gidi nìyẹn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ wá òyà."

"Òyà kẹ̀? Nílùú tí ibà eku ti ń pa èèyàn? Rédíò ò sinmi, ẹ má fọwọ́ kan eku, ẹ de oúnjẹ yín. Àwa la tún ń gbé ìkìlọ̀ ẹ̀ káàkiri ọjà. Ṣé èmi ni màá wá gbé eku wọlé fún ìyá mi?"

"Òyà kọ́ ló ń gbé ibà yẹn kiri, eku ilé ni. Ìbátan lásán ni wọ́n."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ilé ẹ̀kọ́ ni."

"Èyí tó ò parí."

Mo gba báàgì wọn, mo gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba ààyè níbi iṣẹ́, wọ́n lọ bá dókítà. Ojú wọn pọ́n nígbà tí wọ́n dé. Dókítà ní ká dá oògùn èébì dúró. Ó ní ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ò sì jẹun, ebi ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó dé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ jẹ, ká fún wọn, kó mọ níwọ̀n, kó jinná dáadáa. Màmá mi kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀rá adìyẹ. Wọ́n ra adìyẹ firíìjì, wọ́n yọ ọ̀rá abẹ́ awọ ẹ̀, wọ́n fi yí ata. Ó ta sánsán dé títì. Ìyá àgbà gbóòórùn ẹ̀, wọ́n yíjú sí ògiri. Ìyá Ute, tí wọ́n ti ní àwọn ò ní í lọ títí ìyáálé àwọn á fi jẹun, gbé abọ́ náà jáde.

Màmá mi wò mí. "Ṣebí o ní o mọ̀ nípa ọ̀rá. Lọ wá a."

Mo gbé ọ̀kadà, mo kọrí sí Ute. Lójú ọ̀nà ibẹ̀, nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣe ni wọ́n máa ń na òyà sí ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ẹni ń ju ọwọ́ sí olóṣèlú. Báyìí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bá, tó jókòó ti tábìlì, tó máa tó ẹgbẹ́ mi. Ẹran yíyan díẹ̀ wà níwájú ẹ̀, òyà kan sì wà tí wọ́n fi ìrù ẹ̀ gbé kọ́ sára igi.

"Ọ̀rá ni mò ń wá," mo ní.

"Dúdú àbí funfun?"

"Funfun ni. T'òyà kì í dúdú."

Ó fa ọ̀rá funfun kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó nà á sí mi. Mo wò ó. Ọ̀rá tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn nílé ti ṣáájú mi dé Ute.

"Ọ̀rá ara ẹran ni mò ń sọ."

"Háà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá a o. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bù tèmi wá." Ó fa ọwọ́ mi, ó fi tẹ òyà náà níhà. Egungun ni mo kàn. Awọ wà, egungun wà, kò sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì.

"Kí ló ṣe é?"

"Kí ni ì bá ṣe é? Oògùn apakoríko. Gbogbo koríko tó yẹ kó jẹ ni wọ́n ti fín. Èyí tí wọn ò fín, wọ́n sun ún. Ọ̀kan tó bá wá sanra díẹ̀, àwọn tó ń lọ Àbújá ti gbé e látàárọ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ pàápàá, ṣé ẹ tún ń rà á ni? Ẹ ní ibà ló wà lára ẹ̀. Ẹ ó máa wo ẹran mi bí ẹni pé ó ṣépè fún yín." Ó wá wo ojú mi, ó dá ẹ̀rín dúró. "Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ìyá mi àgbà ni. Wọn ò jẹun."

"Ẹ má ra eléyìí," ó ní. "Ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú ẹ̀."

Mo gba Imeri lọ. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá àgbà. Wọ́n ń pọ́n àdá lábẹ́ igi ọsàn nígbà tí mo dé, ìbọn wọn wà lára ògiri inú ilé, aláǹtakùn ti ta okùn bò ó. Gbàrà tí wọ́n gbọ́ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n pariwo.

"Ìyáálé alápáàdì! Tí wọn ò ní jẹ́ kí ọ̀rá kán sínú iná! Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà, bàbá. Ọ̀rá òyà náà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ, wọn ò sì fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn."

Wọ́n fi àdá lélẹ̀.

"Ọmọ mi, mo lè fún ẹ níbọn. Mo lè fún ẹ ní iná tí mò ń dè mórí. Òyà tó lọ́ràá ni mi ò lè fún ẹ. Òyà tó máa lọ́ràá gbọ́dọ̀ ríbi jókòó kó jẹun, kó dàgbà. A ò jẹ́ kó dàgbà. Bó ṣe ń gbórí sókè nìbọn ń dé. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sọ pé èmi kọ́. Igbó tí bàbá yín ti kọ́ mi níṣẹ́, kòkó ló wà níbẹ̀ báyìí. Kòkó ọmọ mi ni."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìlà yẹn lójú pátákó. Nígbà yẹn, mo rò pé èèyàn ló ń kọ ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀, pé ojú wa ti là, a ti di ọmọ firíìjì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ibà náà sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò ní lè kọ sínú ìdánwò kódà ká ní mo kàwé: ẹran náà fúnra ẹ̀ ń rù. Kí ọ̀rá tó wọ́n lẹ́nu wa, ó ti kọ́kọ́ wọ́n lára òyà. Lójú lẹ́kítọ̀, ìlà lásán ni. Lójú mi, Ìyá àgbà ló wà ní ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, tí wọ́n kọjú sí ògiri.

"Bàbá, ṣé kí n padà lọ́wọ́ òfo ni?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Lọ sí Upenmen. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó ń sin òyà nínú ilé. Àwa ọdẹ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ní ewúrẹ́ ló ń sìn." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ náà sanra o."

Ní Upenmen, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo tẹ̀ lé títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Obìnrin ni, ó fi tépù kọ́rùn. Mo ṣàlàyé ara mi, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Yàrá oníbúlọ́ọ̀kù kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi wáyà dí fèrèsé ẹ̀. Inú ẹ̀ tutù, ó ń run koríko. Àwọn òyà náà jókòó lórí ewé eèsún bí alága káńsù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò, kò sí ọrùn, ikùn ló kù. Ọ̀kan ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó ka mí sí ẹni tí ò lè ṣe nǹkan kan, ó padà sídìí oúnjẹ ẹ̀. Ẹranko ìgbẹ́ pàápàá ti mọ̀ mí.

"Ẹ má pariwo," aránṣọ ní. "Wọn ò mọ ohùn yín."

"Àǹtí, ṣé wọn kì í sáré ni?"

"Lọ sí ibo?"

Ó pa ọ̀kan fún mi. Ó la awọ ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ó funfun bí ẹ̀kọ. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ó tó kí ojú mi fẹ́ ṣomi níwájú aránṣọ tí mi ò mọ̀ rí, torí ẹ̀yìn òyà. Nígbà tó béèrè bóyá mo fẹ́ ọ̀rá tí màá fi gbé e, mo ní kó fún mi. Ìjà èmi àti ọ̀rá ti parí.

Lójú ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro irọ́ tí màá pa. Ìyàwó ọdẹ ni Ìyá àgbà. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ ń sùn nínú igbó nítorí ẹran, ṣé òun lèèyàn á lọ sọ fún pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni òyà ẹ̀ ti wá? Kí n tó dé ilé, mo ti to ìtàn náà pọ̀: ọdẹ Imeri, ajá, odò, ìbọn. Ó dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Màmá mi dá iná igi sẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, wọ́n fi ìbòmú bo imú. Ẹ máa rò pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òyà náà. Ìyá Ute ló ń darí wọn: "Yí i. Yí i sí ìhà kejì. Kí irun ẹ̀ jó tán." Irun jó, awọ le, àwọ̀ ẹ̀ ń pọ́n bọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná. Tó. Òórùn ẹ̀ gbéra, ó gba ojú fèrèsé Ìyá àgbà wọlé.

"Ẹ gbé àpáàdì sábẹ́ ẹ̀!"

Gbogbo wa dúró sójú kan. Màmá mi yọ ìbòmú.

"Ṣé ìyá mi ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àpáàdì!" ohùn náà tún wá láti inú yàrá. "Ẹ̀ ń fi ọ̀rá ṣòfò!"

Kò sí àpáàdì nílé òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo gbé ìdérí ìkòkò wá. Ìyá Ute ní, "Ọmọ yìí, ìdérí?" mo ní òun ló wà, mo dojú ẹ̀ dé, mo tì í sábẹ́ òyà. Iná jó mi lọ́wọ́. Mi ò gbé e kúrò. Tó, tó, tó. Màmá mi ń nu ojú, wọ́n ní èéfín ni. Èéfín ò sí lápá ibi tí wọ́n dúró sí.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Ìgbà tí òjò tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lọ, lójú oorun. Tí mo bá ń rántí wọn, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ láti ojú fèrèsé, tó ń bá wa jà nítorí ọ̀rá. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yìn wọn tí wọ́n kọ sí wa ló gbẹ̀yìn lójú mi.

Lọ́jọ́ òyà yẹn, màmá mi se ẹran náà títí ó fi jinná bí ẹni pé wọ́n ń bá a ṣọ̀tá. Wọ́n fi díẹ̀ nínú ọ̀rá inú ìdérí yí ata, wọ́n gún iṣu rírọ̀, wọ́n wá gé ẹran ẹ̀yìn kékeré kan lé e, tọ̀rá tọ̀rá. A fi ìrọ̀rí gbé Ìyá àgbà jókòó. Màmá mi di abọ́ mú níwájú wọn, Ìyá Ute jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Èmi dúró sídìí ìlẹ̀kùn. Ọ̀rá èébì ṣì wà níbẹ̀, ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí mi. Mo já a, mo fi sápò.

Ìyá àgbà fi ọwọ́ ara wọn mú ẹran náà. Wọ́n gbé e sẹ́nu. Eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rá kì í wá eyín. Wọ́n ń jẹ ẹ́, a ń wo ọ̀fun wọn. Ó lọ sílẹ̀. Wọ́n mú iṣu díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà lọ sílẹ̀.

Ẹnu mi ò lè gbé jẹ́ẹ́. Ẹnu yẹn náà ló bá mi kọ ìdánwò.

"Ìyá, ọdẹ Imeri tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ló pa á o. Ó lé e kọjá odò! Ajá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ. Òyà náà sá, ó sá, kó tó di pé—"

"Èyí ò sáré rí láyé ẹ̀," Ìyá àgbà ní.

Màmá mi yíjú sí mi pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Mo ní ó tán. Ọ̀rá tí mo wá dé Upenmen, tó mú wọn pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì, irọ́ mi ti bà á jẹ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n á tún yíjú sí ògiri. Mo nawọ́ sí abọ́ náà.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Aránṣọ kan ló ń sìn ín nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò, màá lọ bá wọn nínú igbó, màá wá èyí tó—"

Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo abọ́.

"Ta ló ní kó o gbé e?"